Ìbẹ̀bẹ̀ Kẹta Zalmen

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Zalmen télọ̀ ti lọ bẹ Faivel, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni Faivel kọjú sí ògiri. Ó ku ẹyọ kan. Bó ṣe rí láàárín àwa Júù nìyẹn: ohun tí o ṣe sí ẹnìkejì rẹ, Ọlọ́run ò ní fi jì ọ́ ní Ọjọ́ Ètùtù àfi tí o bá kọ́kọ́ bẹ onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n tí o bá bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta níṣojú ẹlẹ́rìí mẹ́ta, tó sì kọ̀, ọrùn tìẹ ti mọ́.

Zalmen ń gbàdúrà kí Faivel kọ̀. Oòrùn ò ní pẹ́ wọ̀, Ọjọ́ Ètùtù sì ti dé tán. Àwọn àna rẹ̀ mẹ́ta tí kò ní sọ síta ló kó dání ṣe ẹlẹ́rìí.

Zalmen ló sọ láàárín ọjà, lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, pé Faivel, tó máa ń kọrin darí àdúrà ní sínágọ́gù, mutí yó kó tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Irọ́ ni. Àwàdà ló pè é. Wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ Faivel, ohùn dídùn rẹ̀ sì dákẹ́. Báyìí, àyà ń dùn ún, kò lè dìde mọ́.

Tsirl, ìyàwó Faivel, ló ṣílẹ̀kùn. "Ẹ tún ti dé! Zalmen, ṣé ẹnu ọ̀nà wa lo fẹ́ wọ̀n rán ṣòkòtò ni?"

"Ẹ má bínú, ìyá Gitl."

Zalmen wọlé, ó tẹrí ba létí bẹ́ẹ̀dì Faivel. "Faivel, mo ṣẹ̀ ọ́. Forí jì mí."

Lọ́tẹ̀ yìí, Faivel yíjú sí i. "Níbo lo ti parọ́ mọ́ mi?"

"Lọ́jà."

"Kí ló wá dé tó jẹ́ inú yàrá mi lo ti ń bẹ̀bẹ̀?"

Àwọn àna ń wolẹ̀.

"Mi ò kọ̀ o," ni Faivel wí, "mi ò sì tíì gbà. Má kà á mọ́ méjì tó o ní."

Ní sínágọ́gù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, aṣọ funfun tí wọn yóò fi sin wọ́n lọ́jọ́ kan ni àwọn ọkùnrin wọ̀. Zalmen ló rán èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bó ṣe wò wọ́n, àfi bíi pé gbogbo ìlú ti kú tán, tí wọ́n ń dúró de ìdájọ́. Ó dìde kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ o. Faivel ò mutí lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn, torí ohùn rẹ̀ dùn, tèmi ò dùn."

Lókè, níbi tí àwọn obìnrin ń jókòó sí, Gitl ọmọ Faivel ti fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ó ti ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láti lọ sọ fún bàbá rẹ̀. Zalmen ń gbọ́ bàtà rẹ̀ títí ó fi jáde. Zalmen jókòó. Kò ka iye ìbẹ̀bẹ̀ mọ́.