Ìbọ̀wọ́ Tí Kò Tán

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n sọ àlá tí mo lá fún yín kí n tó gbàgbé. Ẹ mọ̀ pé ọ̀la ni mo máa kọ́kọ́ jó ijó tí wọ́n ti ń bọ́ aṣọ díẹ̀díẹ̀ lórí ìtàgé. Nínú àlá náà, iná tàn sí mi lójú, gbogbo èrò ń wò mí. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ pupa ọwọ́ ọ̀tún mi, mo tún bá òmíràn lábẹ́ rẹ̀. Mo bọ́ ìyẹn náà, òmíràn tún wà níbẹ̀. Mo ń fà á, mo ń làágùn, ìbọ̀wọ́ sì kún dé orúnkún mi. Ìtàgé wá di pálọ̀ ilé wa, Màmá jókòó síwájú láàrin èrò, Màmá ò sì tíì mọ̀ pé irú ijó yìí ni mo ń kọ́. Wọ́n dìde, wọ́n la àárín ìbọ̀wọ́ kọjá, wọ́n gbá ọwọ́ mi mú.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé ó ń dùn ọ́ ni?"

"Màmá, kò fẹ́ tán ni."

"Dúró, jẹ́ kí n bá ọ fà á."

Wọ́n fi eyín di ṣóńṣó ìka ìbọ̀wọ́ náà mú, wọ́n fà á tipátipá. Mo rí awọ ara mi fírí, gbogbo èrò dìde lẹ́ẹ̀kan náà, mo ta jí.