Gíláàsì Kẹrin

Àǹtí Gíláàsì, bí wọ́n ṣe ń pè é ní láàbù, tún ti gíláàsì bọ abẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyí. Etí ẹran tó wà lórí gíláàsì náà mu aró dáadáa, ó pọ́n. Àárín rẹ̀ funfun báláú.

"Aró burúkú! Ó ti bàjẹ́ o jàre."

Ọdún méjìdínlógún ló ti ń gé ẹran ara aláìsàn wẹ́wẹ́ ní láàbù yìí, tó ń fi aró kùn ún. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká, gbogbo wọn ló mọ̀. Àmọ́ ẹ wò ó, inú ìfun ńlá àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ni wọ́n ti gé èyí. Jẹjẹrẹ ni. Dókítà ò sì tíì fún un lóògùn kankan. Èsì láàbù yìí ló ń dúró dè, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé.

Fóònù dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó ti jáde?"

"Aró ló ń yọ wá lẹ́nu. Fara balẹ̀, jàre."

"Mo ti fara balẹ̀ títí. Ikùn mi ló ń le sí i." Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi bẹ aró yẹn."

Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni ọ̀gá láàbù wọlé, bàbá tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó tẹjú mọ́ awò.

"Ta ló ní aró bàjẹ́? Ṣé etí rẹ̀ ò pọ́n ni?"

"Ó pọ́n, sà."

"Gíláàsì kan náà, aró kan náà! Àwọn sẹ́ẹ̀lì àárín yìí ti pàdánù jíìnì, àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì, tó ń sọ fún wọn pé, ó tó, ẹ má pọ̀ mọ́. Kí ni aró fẹ́ rí dì mú níbẹ̀? Wọ́n kàn ń pọ̀ lọ ni, kò sẹ́ni tó máa dá wọn dúró. Gíláàsì àkọ́kọ́ ti sọ ọ́ fún ẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ ò jẹ́ ṣe irú èyí!" Ó ju fọ́tò inú ikùn àbúrò náà tí dókítà fi ránṣẹ́ láàárọ̀ sórí tábìlì. "Wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ó mọ́."

Àmì mẹ́ta ló wà níbẹ̀: jẹjẹrẹ náà ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Ọ̀gá bá tirẹ̀ lọ.

Àǹtí Gíláàsì fa ìwé iṣẹ́ sọ́dọ̀, ó ń ṣí i sẹ́yìn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ẹni méje ni àárín gíláàsì wọn funfun bẹ́ẹ̀. Inú ìgò aró kan náà ni. Kò tún ẹyọ kan ṣe. Ọjọ́ tó rí wọn gan-an ló gbé wọn fún ọ̀gá. Gbogbo wọn ti ń lo oògùn.

Kò mọ ìkankan nínú wọn rí.