Ewé Nínú Àpótí Epìyà

"Wọ́n tún ti hú u!"

Latifah ò tíì bọ́jú tó fi kígbe bẹ́ẹ̀. Ó dúró síwájú àpótí onígíláàsì tó wà ní pálọ̀, ó ń wo ewé tó gbìn lánàá bó ṣe léfòó sójú omi. Nísàlẹ̀, akọ epìyà pupa náà ń fẹnu bu yanrìn, ó ń tu ú dànù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tí wọ́n gbéṣẹ́ kànga fún.

"Ìyá Ikhlas, kí ni wọ́n tún hú?" Ìyá ọkọ rẹ̀, Alhaja Àbẹ̀ḿbí, ló béèrè láti ẹnu ọ̀nà yàrá, tẹ̀súbáà lọ́wọ́.

Latifah kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ewé yẹn ni, Màmá."

"Ewé! Ẹja tí a kì í jẹ, ewé tí a kì í sè. Surajudeen ọmọ mi, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ló fi sílẹ̀ fún ọ."

Màmá kì í ṣèkà o. Ọjọ́ tí wọ́n sin Surajudeen gan-an ló ti kó wá sí Bódìjà, tó ń sùn ní yàrá ọmọ rẹ̀, kí ìyàwó má baà dá nìkan ṣe opó nígbà tí Ikhlas, ọmọ wọn, wà nílé ìwé tí wọ́n ti ń gbé. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ló ń rí Latifah níwájú ẹja, tí oúnjẹ rẹ̀ ń tutù sórí tábìlì. Ó ti wá pinnu pé ẹja yẹn ni ò jẹ́ kí ọkàn ìyàwó náà balẹ̀. Ó ti ní kí Ṣàmsúdéènì, àbúrò olóògbé, gbé ọkọ̀ wá bó bá ti kírun Jímọ̀ tán, kó gbé àpótí náà lọ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀," Latifah bẹ̀bẹ̀.

"Ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. O ò sọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́ nínú ilé yìí ju ti ẹja lọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Mo ti sọ ọ́, mi ò sọ ọ́ mọ́."

Ilé ìtẹ̀wé ni Surajudeen ní ní Ring Road. Bó bá ti ibẹ̀ dé lálẹ́, kò ní í bọ́ bàtà kó tó bẹ̀rẹ̀ wo ẹja rẹ̀. Apẹja kan ní Ẹlẹ́yẹlé ló fún un ní akọ àti abo nínú ọ̀rá, pupa bí epo, tí àmì aláwọ̀ ojú ọ̀run wà lára wọn káàkiri. Gbogbo ohun tó kù tó ń wá ni ewé tútù tó máa hù sáàárín wọn bíi ti etí odò. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹja sọ fún un pé epìyà àti ewé kì í gbélé pọ̀. Ó ní kí wọ́n máa wòye. Bó bá gbìn ín lálẹ́, wọ́n á hú u láàárọ̀, òun àti Latifah á sì jọ rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Àìsàn tí kò gùn ló mú un lọ. Láti ìgbà náà, àárò rẹ̀ ń sọ Latifah débi pé ó máa ń gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ẹnì kankan ò wọlé. Kò béèrè ohun ńlá. Kí ewé kan ṣoṣo dúró ni, kó lè ṣe é parí fún un. Nítorí pé opó kì í rìn kiri, Moróunkẹ́ tó ń gbé lókè ilé wọn ló ń bá a ra ewé lọ́dọ̀ àwọn olódòdó tó wà lẹ́bàá títì. Bí èèyàn ṣe ń gbin ẹ̀fọ́ ni Latifah ṣe ń gbìn ín: ó ń ri gbòǹgbò rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ó sì ń fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Bó bá ṣe rì í tó, bẹ́ẹ̀ ni akọ epìyà á ṣe gbẹ́lẹ̀ tó. Èyí tí ẹja ò bá sì hú, á rà sábẹ́ yanrìn.

Lọ́jọ́ kejì, Moróunkẹ́ gbé òmíràn wá, ewé tó nípọn, tó dúdú mìnìjọ̀. Ó ní olódòdó náà sọ pé inú odò ni wọ́n ti mú un wá. Latifah ti ká ọwọ́ aṣọ sókè tó fẹ́ rì í nígbà tí Màmá kọjá.

"Mú ewé yẹn wá kí n rí i."

Màmá gbé e sún mọ́ ojú, ó sì fi àtàǹpàkò ra á.

"Ta ló kọ́ ọ pé kó o máa sin eléyìí? Lábúlé wa, orí àpáta ló ń hù sí nínú odò. Ibẹ̀ la máa ń jókòó sí fọṣọ. Ó kàn ń di òkúta mú ni, bí omi ṣe lè wù kó le tó. Bó o bá sin ín, ó kú nìyẹn."

Ó wọ yàrá lọ, ó mú òwú dúdú tó fi ń dirun jáde, ó sì di ewé náà mọ́ òkúta kan pinpin.

"Ẹ ṣé gan-an mà," ni Latifah wí.

"Má dúpẹ́. Bó ṣe ń hù ni mo sọ. Mi ò ní kí àpótí má lọ o."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, Ṣàmsúdéènì dé. Ó bá Latifah lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àpótí, ó sì tún fìlà dé bí ẹni tí ojú ń tì.

"Ìyàwó wa, ẹ má bínú. Màmá ló ní kí n wá."

Latifah ò tilẹ̀ gbọ́. Ewé náà wà lórí òkúta rẹ̀, ó nà sókè gbọnrangandan. Akọ epìyà ti kọ yanrìn gbígbẹ́ sílẹ̀. Lábẹ́ ewé, ẹyin wóróówóró lẹ̀ mọ́ ara òkúta, abo sì ń fi lẹbẹ fẹ́ ẹ rọra. Ayọ̀ gba ọkàn rẹ̀ kan lójijì, ó sì yíjú sí yàrá.

"Bàbá Ikhlas! Bàbá Ikhlas, ẹ wá wò ó, ó ti dúró!"

Ṣàmsúdéènì gbójú sílẹ̀. Latifah fọwọ́ bo ẹnu.

"Mo ń bọ̀," ni Màmá dáhùn láti inú yàrá.

Ó jáde, ó ń fi ọwọ́ kan ti ògiri. Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀, èjìká wọn kan ara wọn, ó sì gbé ojú lé gíláàsì.

"Èwo ló dúró?"

"Òun nìyí, Màmá. Ẹyin wọn nìyẹn, lábẹ́ ẹ̀."

Màmá wò ó pẹ́. Ó fi etí ìborùn nu ojú tirẹ̀, ó sì nu ti Latifah.

"Ṣàmsúdéènì," ló wí, kò bojú wẹ̀yìn, "oúnjẹ ẹja wa ti fẹ́ẹ́ tán. Lọ bá wa rà á wá."