Ọlámijùlọ Di Olórí Nílé Búrẹ́dì

Ọlámijùlọ, ọmọ ọmọ mi obìnrin, fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí òṣìṣẹ́ ní Òpèbí, wọ́n sì fún un ní sátífíkéètì. Ìwé yẹn ni ọ̀gá ilé búrẹ́dì kan ní Agége rí tó fi fi í ṣe olórí àwọn tó ń po fúláwà. Ó ní òun á fi ọ̀sẹ̀ kan wò ó ná.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ó dúró níwájú àwọn tó ti ń ṣe búrẹ́dì kí wọ́n tó bí i, ó ní, "Ẹkúndayọ̀, wá síbí."

Èmi àti Ẹkúndayọ̀ jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Ó ti ní ọmọ ọmọ mẹ́rin. Ó nu ọwọ́, ó jókòó. Àwọn yòókù náà jókòó. Fúláwà tí wọ́n ti pò wú jáde nínú ọpọ́n, ó sì kan.

Ọlámijùlọ sáré wá bá mi nílé. "Màmá, wọ́n kọ́ wa pé orúkọ ni ká máa pe ara wa."

"Ẹni tó kọ́ ẹ, ṣé ó ti po fúláwà rí?"

"Rárá, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ mi."

"Orúnkún ń dùn mí. Tìẹ ò dùn ẹ́. Lọ kúnlẹ̀."

Ó lọ kúnlẹ̀. Ẹkúndayọ̀ ní kó kọ́kọ́ fọ ọpọ́n. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, Ẹkúndayọ̀ ni ọ̀gá fi ṣe olórí. Ọlámijùlọ ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá báyìí. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.