Kafúrà Nínú Ìgò Mínírà

Gbogbo àdúgbò Ẹnu Ọ̀wá ló mọ̀ pé Mabel, ìyàwó Septimus, fẹ́ràn ìmọ́tótó ju oúnjẹ lọ. Bí aáyán kan ṣoṣo bá sá kọjá nílé ìdáná rẹ̀, kò ní sùn mọ́ nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ìgò mínírà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi kafúrà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí aáyán má baà wá lá ṣúgà tó kù nísàlẹ̀.

Septimus ló ń ra mínírà ọ̀hún. Gbogbo Sátidé ló ń fi í ṣe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lálejò. Ṣùgbọ́n bí Mabel bá béèrè owó aṣọ funfun tí Ìbíyínká, ọmọ wọn, yóò wọ̀ lọ́jọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù yóò gbọ́wọ́ lé àwọn ọmọ ìjọ lórí, á ní kó di ìparí oṣù. Oṣù wo? Ẹ má bi mí. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni bíṣọ́ọ̀bù ń wá, ibà kò sì jẹ́ kí ọmọ náà lọ nígbà tó wá kẹ́yìn. Owó tí wọ́n ń san fún ẹni tó bá dá ìgò òfìfo padà nìkan ni Mabel gbójú lé: tọ́rọ́ lórí ìgò kan, ọgọ́ta ìgò.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó yọ kafúrà kúrò, ó fọ ìgò, ó sì ní kí alágbàrù kan rù wọ́n lọ sí Òkè Àrin, sọ́dọ̀ Sùrájù tó ń gba ìgò padà. Sùrájù kì í kàn wo ìgò. Á kọ́kọ́ gbé ẹnu ìgò símú. Ó dé orí ìkẹfà, ó sín.

"Màdáámù, kí lẹ rọ sínú eléyìí?"

"Kafúrà ni, nítorí aáyán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́!"

"Háà! Ká ní ẹ fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí ẹ̀ ni, ǹ bá gbà á. Kọ́ḿpìnì á fọ̀ ọ́. Èyí tó bá ti ń rùn bíi kafúrà, òórùn ẹ̀ kì í lọ, wọ́n á rijẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ọwọ́ mi ni wọ́n sì ti máa gbowó ẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ìdajì. Ọ̀tunla ni bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀."

"Bíṣọ́ọ̀bù ò ní bá mi san án, Màdáámù."

Kò gba ẹyọ kan. Mabel sanwó alágbàrù lálọ, ó tún san án lábọ̀. Inú rẹ̀ bà jẹ́ gan-an. Ká ní ọ̀bùn ni, ọmọ rẹ̀ ì bá ráṣọ wọ̀.

Nígbà tó délé, ó yọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun ìgbéyàwó rẹ̀ nínú àpótí, ó gé e, ó sì fi rán kaba fún Ìbíyínká. Ó sá a sóòrùn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tí aṣọ náà ti wà nínú àpótí pẹ̀lú kafúrà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí àwọn ọmọ kúnlẹ̀ níwájú bíṣọ́ọ̀bù, Ethel tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbíyínká fi áńkáṣíìfù bomú, ó sì sún kúrò. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló rí i.

"Màmá," ni ọmọ náà wí lójú ọ̀nà, "wọ́n ní mò ń rùn."

Nígbà tí wọ́n délé, Septimus àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń mu mínírà ayẹyẹ.

"Mabel, wá kó ìgò ẹ o!"

Ó kó wọn. Kò fọ̀ wọ́n, kò fi kafúrà sínú wọn. Ó tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀, ó sì jókòó, ó ń wo aáyán tó ń wọnú wọn.