Nọ́ọ̀sì Ni Mo Ní Kí Ẹ Rán

Títíladé ti ṣàlàyé títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Nọ́ọ̀sì ni ní Moniya, láyé ìjọba ológun, wọ́n sì fi í sínú ìgbìmọ̀ tó ń gbógun ti ìlòkulò oògùn. Alága wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ẹkúndayọ̀, na ìka sí àwòrán ilẹ̀ tó wà lára ògiri.

"Gáréèjì níbí ni wàhálà wà. Ibí ni gbogbo àwọn tí ilé ìwòsàn gbà wọlé ti wá. Ẹ wo ọ̀nà Abà Ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́hùn-ún. Òdo! Kò sẹ́ni tó ń lo nǹkan kan níbẹ̀."

"Ọ̀gá, kò sí ilé ìwòsàn níbẹ̀ ni! Ta ló máa kọ orúkọ wọn sílẹ̀? Ẹni tó bá ṣubú sóko, ilé ni wọ́n ń gbé e lọ."

"Ẹ lọ mú iye wọn wá nígbà náà," ni alága wí, ó sì wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Títíladé lọ. Ọ̀kadà gbé e dé ibi tí ọ̀nà dára dé, ó fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ó ń wọ ojúlé kan bọ́ sí òmíràn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ nǹkan kan, àfi Mùjíbátù, ìyá Roheem, tó ń yan gààrí, tí Làmídì ọkọ rẹ̀ ń ṣe lébìrà oko.

"Nọ́ọ̀sì, oògùn amárale ni wọ́n ń gbé mì," Mùjíbátù wí. "Olóko fẹ́ kí ebè pọ̀ kí oòrùn tó mú. Ọkọ mi kì í sùn mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń dá sọ̀rọ̀. Níbo ni kí n gbé e lọ? Ṣé ẹ̀yin náà rí ọ̀nà tí ẹ gbà wá?"

Bó ṣe lanu báyìí ni àwọn obìnrin yòókù náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiwọn. Nígbà tí Títíladé máa ṣe tán, lébìrà tó ń gbé oògùn yìí mì lápá ibẹ̀ pọ̀ ju ti gáréèjì lọ fíìfíì. Ó kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, ó sì kọ ọ́ gbàǹgbà nísàlẹ̀ pé nọ́ọ̀sì àti oògùn ni wọ́n nílò.

Iye yẹn ni ìgbìmọ̀ kà, wọn kò ka ìsàlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ agbófinró ya wọ Abà Ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n kó àwọn ọkùnrin lórí ebè. Làmídì wà nínú wọn.

Títíladé já wọ ọ́fíìsì alága láìkanlẹ̀kùn.

"Nọ́ọ̀sì ni mo ní kí ẹ rán! Ta ló ní kí ẹ rán ọlọ́pàá?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní wọ́n pọ̀," ni alága fèsì. "A ti gbé ìgbésẹ̀."

Inú bí i, ó kẹ̀yìn sí i. Ó gba Abà Ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ. Mùjíbátù kò kí i.

"Ẹ tan ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ẹ wá fi mú ọkọ mi."

Títíladé ò wí àwáwí kankan. "Ẹ bínú sí mi, Ìyá Roheem. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká lọ gbé e."

Àwọn méjèèjì jókòó ní àgọ́ ọlọ́pàá títí ọ̀sán fi pọ́n, kí wọ́n tó gbà kí Títíladé ṣe onídùúró. Làmídì jáde, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Títíladé kò jẹ́ kó délé, ilé ìwòsàn tààrà ni. Lọ́jọ́ kejì, ó mú Mùjíbátù lọ síwájú ìgbìmọ̀. Obìnrin náà kò jókòó. Ó bi wọ́n bóyá àwọn tí wọ́n tì mọ́lé ti rí oorun sùn níbẹ̀. Alága ń yẹ̀wé wò títí, kó tó ní kí nọ́ọ̀sì máa lọ sí Abà Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Tọ́sìdeè.

Ìgbìmọ̀ kò fún wọn nílé tí wọ́n máa lò. Lazarus, wòlíì ìjọ Kérúbù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abà, ló yọ̀ǹda ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì sì jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Títíladé ya páálí tí ìgbìmọ̀ fi ránṣẹ́ pé oògùn ni. Ìwé ìkìlọ̀ ló kún inú rẹ̀, tó ní kí wọ́n sá fún oògùn olóró, gbogbo rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì.

"Ẹ gbà mí o," ni Títíladé wí, ó di orí mú.

Mùjíbátù gba páálí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ẹ ní lọ́wọ́."

Títíladé mí kanlẹ̀, ó tú báàgì ara rẹ̀, ó sì pe Làmídì wá.