Mọ́tò Tó Gbé Ìyá Mi Gun Òkè

Àdùkẹ́, jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá lánàá fún ọ kí n tó gbàgbé. Ṣé o rántí mọ́tò tuntun tó ń lo epo àti iná tí ọkọ mi ń retí, tí wọ́n ní bátìrì rẹ̀ yóò lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì ní máa pariwo mọ́? Èmi ni mo ń wà á, bẹ́ẹ̀ n kò mọ mọ́tò wà! Ìyá mi wà lẹ́yìn, wọn ò lè mí dáadáa, a sì ń gun òkè lọ sí ilé ìwòsàn.

Àfi bí epo ṣe tán. Mo kígbe. Ṣùgbọ́n mọ́tò náà ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀nà di odò, a sì ń gun odò náà lọ sókè.

Ìyá mi ní, "Ta ló ń tì wá?"

Mo ní, "Màmá, bátìrì tí a ti ṣáàjì nílé ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n mí kanlẹ̀.

N kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ o. Bí mo ṣe jí, mo sáré lọ sí yàrá wọn. Wọ́n ti jókòó, wọ́n ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ṣé o sùn dáadáa?"

Mo kúnlẹ̀ kí wọn, n kò sì tètè dìde.